Wọ́n Dè Mí Lókùn Nítorí Pé Mò Ń Rìn

Bí mo bá gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, tí mo gbàgbé ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Ọjọ́rú kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi títí màá fi kọjá lọ. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ará ìlú mi, àwọn tí mo kọ́ ní A, B, D, àwọn tí mo nu ikun nímú wọn, mú okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọ̀kadà, tí wọ́n fi dè mí lọ́wọ́ méjèèjì ní oríta, ní gbangba, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo rìn ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mi ò jalè, mi ò na ọmọ ọlọ́mọ, mi ò bú ọba. Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi rìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi okùn, inú á bí mi débi pé ẹ ò ní gbọ́ ìyókù.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì parí ẹ̀ sórí àga hẹdimásítà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlárá Rẹ́mọ níbí. "Ọ̀gá Tíṣà" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Kò tíì pé ọdún kan tí mo fẹ̀yìn tì tí òùngbẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Bí mo bá mumi tán, ilé ìtọ̀ ni. Bí mo bá ti ilé ìtọ̀ dé, ìdí omi ni. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ló fipá mú mi lọ sílé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú wa. Wọ́n gún mi níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn láyé bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mínírà, ó dàbọ̀. Búrẹ́dì funfun, ó dìgbà kan ná. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà, tí mo lè dá jẹ tó ìkòkò kan, wọ́n ní kí n máa jẹ ìwọ̀n ìgbákọ kan péré. Ẹ bi ọmọ Rẹ́mọ èyíkéyìí wò: ìgbákọ ìkọ́kọrẹ́ kan, ṣé oúnjẹ nìyẹn ni àbí ìtọ́wò?

Ká sọ òótọ́, oúnjẹ kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é nígbà náà. Mo kàn rí i pé nǹkan kan nínú mi ti wó lulẹ̀. Mo gbé àga mi lọ síbi fèrèsé ẹ̀yìnkùlé, mo ń wo ògiri aládùúgbò wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ògiri yẹn, kò síbi tó ti sán tí mi ò mọ̀. Mi ò fá irùngbọ̀n. Mi ò gbọ́ ìròyìn mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń bá rédíò jiyàn tẹ́lẹ̀ bíi pé ó lè fèsì. Bí Bọ́lá ọmọ wa bá pè láti Ìbàdàn, màá ní kí ìyá rẹ̀ sọ pé mò ń sùn. Mi ò sì ń sùn. Bí Ìyá Bọ́lá bá bi mí pé kí ló ṣe mí, màá ní, "Kò sí nǹkan," ohùn tí màá fi sọ ọ́ á sì lé e padà sílé ìdáná. Mo mọ̀ pé ó ń sunkún níbẹ̀. Mi ò dìde.

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn yẹn, Nọ́ọ̀sì Bùnmi, ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ti Bọ́lá. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gba oògùn, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò tán, ó wá gbójú sókè.

"Bàbá, ṣúgà yín la ti ń wò látọjọ́ yìí. Ọkàn yín ńkọ́?"

Inú bí mi. "Kí ló kan ọkàn mi? Ṣé ẹnìkan sọ fún ọ pé mò ń já aṣọ lára ni?"

"Rárá o, sà. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ohun tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń dùn mọ́ yín?"

Mo gbé ojú kúrò, mo ń di oògùn mi sínú ọ̀rá. Ó ní àtọ̀gbẹ kì í mọ sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, ó máa ń mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú. Pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti rẹ̀wẹ̀sì kì í ka oògùn sí, kì í ka oúnjẹ sí, ṣúgà á tún gòkè, ọkàn á tún wálẹ̀ sí i. Ó ní ìrìn dára fún méjèèjì. Kí n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀. Kí n jẹun kí n tó jáde, torí oògùn tí mò ń lò lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù bí inú bá ṣófo. Kí n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí n fi súìtì méjì mẹ́ta sápò, fún ìgbà tí ṣúgà bá wálẹ̀ jù. Bí oṣù kan bá sì kọjá tí ọkàn mi ò fúyẹ́, kí n padà wá, kí wọ́n júwe dókítà tó ń tọ́jú irú ẹ̀ fún mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ. Èyí tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ ni "kí n máa rìn." Èmi tí mo fi ẹgba na ọmọ ènìyàn láìmọye ìgbà nítorí pé wọn kì í fetí sílẹ̀ ní kíláàsì!

Bọ́lá gbọ́, ó fi bàtà ránṣẹ́. Ẹ ò rí bàtà! Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n jù, iná pupa kan sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú bí mo bá ti tẹlẹ̀. Mo pè é lórí fóònù.

"Bọ́lá, ṣé èmi ni kí n wọ èyí?"

"Dádì, kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè rí yín ni."

Wọ́n rí mi. Gbogbo ayé rí mi. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, mo wọ ṣòkòtò péńpé tí mo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé, mo jáde.

Mi ò tíì rìn ju ilé mẹ́ta lọ tí ìyà mi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé kí mi, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ibo lẹ̀ ń lọ láàárọ̀ yìí?" Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ti ibo bọ̀ nígbà náà?" Mo ní mi ò ti ibì kankan bọ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kejì, ó wo bàtà, ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọlọ́run á ṣàánú, sà." Mo rìn díẹ̀ sí i, ẹlòmíràn tún bi mí. Mo ní, "Mò ń rìn ni." Ó ní, "Ẹ ń rìn lọ síbo?" Ẹ wá gbà mí o! Lédè wa, tí mo fi kọ́ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi ṣàlàyé fún ènìyàn pé mo jáde nílé láìlọ oko, láìlọ ọjà, láìlọ ṣọ́ọ̀ṣì, láìlọ kí ẹnikẹ́ni, pé mo kàn fẹ́ rìn títí kí n padà sílé. Irú ènìyàn kan ṣoṣo la mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì mọ ohun tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà tún wá dá kún un. Sùnmọ́nù ló burú jù nínú wọn. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin nígbà kan rí. Òun náà ti di baba ọmọ mẹ́ta báyìí, ṣùgbọ́n bó bá rí mi, á fa ọwọ́ ọ̀kadà sẹ́yìn, á máa tẹ̀ lé mi ní ẹ̀gbẹ́ títì, gbẹ̀rẹ̀, gbẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ gùn ún. Ọ̀fẹ́ ni."

"Sùnmọ́nù, mi ò fẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Mo mọ̀ pé ìjọba ò tíì sanwó ìfẹ̀yìntì."

Kí n má bàa dá wọn lóhùn mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ mi. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Èyí náà kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ fojú inú wò ó: àgbàlagbà tó wọ ṣòkòtò péńpé, tí iná ń ṣẹ́jú ní gìgísẹ̀ rẹ̀, tí kò lọ síbì kankan, tí ẹnu rẹ̀ sì ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, màá ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wọlé.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹrin tí mo ti ń rìn, mo sùn. Mo sùn gan-an, tí mo fi hanrun. Lọ́jọ́ kẹfà, mo fá irùngbọ̀n. Mo ń bínú sí gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n àga ìdí fèrèsé kò rí mi láàárọ̀ mọ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Ìyá Ìjọ fi kó obìnrin mẹ́ta lẹ́yìn wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ìlú mọ obìnrin yìí fún àdúrà. Bó bá gbà á fún ọ, ará ilé kẹta á ṣe àmín. Mo wà nínú yàrá, wọn ò mọ̀ pé mo ń gbọ́.

"Ìyá Bọ́lá," ó ní, "ṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa pàǹtí?"

Mo rò pé ìyàwó mi á lé wọn jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹkún ló bú sí. "Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, mà. Látìgbà tí wọ́n ti ní ó ní ṣúgà ni kò ti ṣe bí ara rẹ̀ mọ́. Kì í bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó ti yé wa," ni Ìyá Ìjọ wí. "Ẹ̀mí tó ń da ènìyàn kiri ni. Ẹ ó rí i bí a bá ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

Ẹ̀mí tó ń da ènìyàn kiri! Nígbà tí mo jókòó bí òkú sídìí fèrèsé fún oṣù márùn-ún, kò sí ẹni tó gbààwẹ̀ fún mi. Ìgbà tí mo dìde tí mo ń rìn bí alààyè ni wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí! Mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà, torí inú mi ti kún.

Ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́. Ìyá Bọ́lá gbé ògì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Mo wo obìnrin tó tú àṣírí mi fún ẹgbẹ́ aládùúrà, mo da oògùn sẹ́nu, mo fi omi lé e. Mo ní, "Gbé e fún Ìyá Ìjọ." Súìtì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ rí i, ẹni tó bá fi ìbínú jáde nílé bẹ́ẹ̀ kò tún lè dúró máa ṣa súìtì sápò. Iyì mi ò gbà á.

Mo pinnu pé lọ́jọ́ náà, àárín ìlú ni màá gbà, kí gbogbo wọn rí mi, màá sì rìn kọjá ìlú lọ síhà Ìkẹ́nnẹ́. Mo rìn bí ṣójà. Sùnmọ́nù tún bá mi lọ́nà, ó tún bẹ̀rẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ti jìnnà sílé o. Ìyá Bọ́lá mọ̀?"

Ìyẹn ló mú mi yà kúrò lójú títì sí ọ̀nà oko kan, níbi tí àwọn igi obì àtijọ́ wà, torí mo mọ̀ pé ọ̀kadà rẹ̀ ò lè gbabẹ̀. Òun ò lè gbabẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ò lè gbabẹ̀. Òjò ti rọ̀ sílẹ̀ láti àná. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún rì sínú ẹrẹ̀ dé ojúgun, mo fà á, ẹsẹ̀ jáde, bàtà ò jáde. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tọwọ́ bọ ẹrẹ̀ dé ìgúnpá, mo wá a títí. Mo ń rí iná pupa náà tó ń ṣẹ́jú sí mi lábẹ́ omi ẹrẹ̀, ọwọ́ mi ò sì tó o. Nígbà tó yá, iná náà kú. Mo padà sójú títì pẹ̀lú bàtà kan, ìbọ̀sẹ̀ kan tó ti di ẹrẹ̀, àti ọwọ́ tó dúdú dé ìgúnpá.

Ibẹ̀ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbínú ni. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ebi kan sì dé tí mi ò rí irú rẹ̀ rí láti kékeré. Ó dà bíi pé ẹranko kan wà nínú mi tó ń fi èékánná họ ikùn. Mo fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n títì ń yí mọ́ mi lójú. Mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi, kíkà náà ò sì lọ déédéé mọ́: ẹ̀ta, ẹ̀ta, èje, ẹ̀ta.

Bí mo ṣe dé oríta nìyẹn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń dín pọ́fù-pọ́fù fún àwọn ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé. Òórùn ẹ̀ ló fà mí dé ìdí abọ́ rẹ̀. Mi ò kí i. Mi ò bèèrè iye. Mo fi ọwọ́ méjèèjì, tẹrẹ̀tẹrẹ̀, bu pọ́fù-pọ́fù nínú abọ́, mo dà á sẹ́nu. Obìnrin náà figbe ta, ó ju ìgbákọ nù, ó sá.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Ọ̀gá Tíṣà ti sínwín!"

Láàárín ìṣẹ́jú kan, oríta kún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Bùnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé. Nínú orí mi, ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni mo tò: "Ẹ jọ̀wọ́, ṣúgà mi ti lọ sílẹ̀, ẹ fún mi ní nǹkan dídùn." Ohun tó jáde lẹ́nu mi, pẹ̀lú pọ́fù-pọ́fù tó kún inú ẹ̀, ni, "Ṣúgà! Ṣúgà!"

Ìyá Ìjọ ń ti ibi àdúrà àárọ̀ bọ̀. Ó la àárín èrò kọjá. "Ẹ̀mí náà ti ń sọ̀rọ̀!" ó ké. "Ó ń bèèrè ṣúgà!"

"Ṣúgà kẹ̀?" ni ẹlòmíràn wí. "Ṣé ṣúgà kọ́ ló ń ṣe é ni? Ẹ má fún un o! Ẹ gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ pa ara rẹ̀!"

Wọ́n gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe pé wọ́n gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan. Ìyá Ìjọ fi ìka méjì bọ̀ mí lẹ́nu, ó yọ èyí tí mo ti ń jẹ, ó jù ú nù, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó máa gbà mí sílẹ̀. Mo ń kú lọ ní oríta ìlú mi nítorí ṣúgà tó tán lára mi, gbogbo ìlú sì fi ìfẹ́ pagbo yí mi ká kí ṣúgà má bàa kàn mí lẹ́nu. Mo jà. Mo gbá ẹnìkan létí, mi ò mọ ẹni náà di òní, ẹni náà sì mọ ara rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi mú okùn rọ́bà.

Bí wọ́n ṣe dá mi dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń so ọwọ́ mi pọ̀ ni mo gbọ́ ohùn Sùnmọ́nù.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró ná! Bó ṣe máa ń ṣe ìyá mi nìyí! Ẹ wo òógùn!"

Ó fa ìgò mínírà kan yọ nínú kúlà tí obìnrin oní-pọ́fù-pọ́fù náà fi ń ta mínírà, ó fi eyín ṣí i. Ìyá Ìjọ dì mọ́ apá rẹ̀.

"Sùnmọ́nù, o fẹ́ pa Ọ̀gá Tíṣà!"

"Ẹ̀yin lẹ máa pa á, mà! Ẹ fi mí sílẹ̀!" Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ gbé e mì. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e mì, sà."

Mo gbé e mì. Ó tún rọ òmíràn sí mi lẹ́nu. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo rántí nígbà tó yá pé èmi ni mo kọ ọ́ sínú káàdì ìdánwò ọkùnrin yìí nígbà náà pé, "Kò mọ nǹkan kan." Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn pé ṣúgà, òun nìkan ló mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà rẹ̀, ẹnìkan jókòó lẹ́yìn mi kí n má bàa ṣubú, ó di ilé ìwòsàn. Wọn ò rántí tú okùn. Bí mo ṣe wọ ọgbà ilé ìwòsàn nìyẹn, láàárín ọkùnrin méjì, ọwọ́ mi nínú okùn, iná pupa ń ṣẹ́jú ní gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi gún ìka mi, ó wò ó, ó kígbe lé wọn lórí pé kí wọ́n tú mi kíákíá. Ó fún mi ní nǹkan dídùn sí i, ó ní kí wọ́n wá oúnjẹ gidi. Nígbà tí ojú mi là, ó fa àga, ó jókòó.

"Bàbá, ṣé ẹ jẹun kí ẹ tó jáde?"

"Rárá."

"Ẹ lo oògùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Súìtì ńkọ́?"

Mo wolẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bi ọmọ ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn.

Ìyá Bọ́lá ti sáré dé, ìró rẹ̀ ò tilẹ̀ so dáadáa. Agbára díẹ̀ padà sára mi, mo bá gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀. Mo ní kí nọ́ọ̀sì kọ ìwé fún mi, kó lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e, pé orí mi pé, kí n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màá sọ fún wọn pé ṣúgà ló lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, ìbéèrè tí mo bi yín nígbà yẹn, ẹ ò tíì dáhùn rẹ̀."

Mo fẹ́ bínú. Kò sí agbára ìbínú mọ́. Mo wo ojú Ìyá Bọ́lá, mo rí bí obìnrin yìí ti rù, tí mi ò mọ ìgbà tó rù.

Mo ní, "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn àárọ̀ kan wà tí mo máa ń jí, tí inú mi kì í dùn pé mo jí."

 Ìyá Bọ́lá di ọwọ́ mi mú, níbi tí okùn ti bó o. Ó ní, "Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ bóyá ẹ ṣì ń mí." Mo ti bá obìnrin yìí gbé fún ogójì ọdún, èmi tí mò ń ṣe bíi pé mo dá wà nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi mí mọ dókítà kan tó ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní Ṣàgámù. Mo lọ. Mo ṣì ń lọ. Ọ̀rọ̀ ló kàn máa ń jẹ́ kí n sọ, ó sì ń gbọ́ mi. Kò tíì fi ìka bọ̀ mí lẹ́nu rí.

Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi dé, Ìyá Ìjọ dìde nínú ìsìn, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ nítorí Ọ̀gá Tíṣà tí Olúwa gbà lọ́wọ́ ẹ̀mí tó ń da ènìyàn kiri. Gbogbo ìjọ pariwo àmín. Mo dìde! Mi ò gbààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kò sí ẹ̀mí kankan, ṣúgà mi ló lọ sílẹ̀ torí pé mi ò jẹun. Mo ní ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè kú bí ṣúgà bá gòkè jù, ó sì lè kú bó bá lọ sílẹ̀ jù. Mo ní ọkàn mi ló rẹ̀wẹ̀sì, mo ní nọ́ọ̀sì ló sọ pé kí n rìn, màá sì máa rìn, kí ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní wèrè lọ pè é dáadáa. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rí i pé mo ti fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mò ń fi pamọ́ fún oṣù márùn-ún, lójú àlùfáà, lójú akọrin, lójú àwọn ọmọ kékeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìjọ wá sílé wa. Òun nìkan ló wá, kò mú obìnrin kankan lẹ́yìn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọ̀gá Tíṣà, èmi náà ní i."

"Kí lẹ ní?"

"Ṣúgà. Ó ti di ọdún mẹ́rin."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Mo sọ fún Ọlọ́run."

Mo fò dìde. "Ẹ̀yin tí ẹ ní i, ẹ̀yin lẹ yọ pọ́fù-pọ́fù lẹ́nu mi!"

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó lè wálẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé ó ti gòkè, ẹ̀rù bà mí, mi ò padà débẹ̀ mọ́." Ó fi etí ìró nu ojú. "Òru ni mo máa ń sunkún, kí àwọn ọmọ ìjọ má bàa mọ̀."

 Mo jókòó padà. Mo pe Ìyá Bọ́lá kó bu omi wá. Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì mú un lọ bá Nọ́ọ̀sì Bùnmi.

A ti pé márùn-ún tí à ń rìn báyìí: èmi, Ìyá Bọ́lá, Ìyá Ìjọ, ìyá Sùnmọ́nù, àti ọkùnrin kan tí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. A ń jẹun kí a tó jáde. Súìtì wà lápò kálukú. Ìyá Ìjọ ń kọrin bí a ṣe ń lọ, ohùn rẹ̀ ò dùn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un. Nígbà mìíràn, ẹnìkan nínú wa á ní òun ò lè jáde lónìí, pé ayé sú òun. A kì í bá a jiyàn. A máa ń lọ jókòó tì í títí á fi wọ bàtà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ dópin. Bí ọkàn yín bá wúwo, ẹ sọ ọ́ jáde kí àwọn mìíràn má bàa bá yín wá orúkọ fún un. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé mọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ara yín bá dédé yí padà, torí ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ lè dè ènìyàn lókùn.

Ní tèmi, mo ti dárí jì wọ́n, àlùfáà ló bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an, inú ń bí mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì ti jẹun o, kì í ṣe ṣúgà. Ìyá Bọ́lá yọjú láti ilé ìdáná, ó ní ta ni mò ń bá jà nínú ilé. Mo ní gbogbo ìlú ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bú sí i, a rẹ́rìn-ín títí a fi ń nu ojú. Fún oṣù márùn-ún gbáko, mi ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni, mi ò sì lè rẹ́rìn-ín. Mo fara mọ́ ìbínú yìí.